Kọ́tìnnì tó gùn ju fèrèsé lọ: bí mo ṣe hun ti pálọ̀ Màámi lẹ́ẹ̀mejì ní Kàbà

Íǹṣì 7. Iye tí kọ́tìnnì tí mo fọwọ́ ara mi hun fi gùn sí i nìyẹn, láti ọjọ́ tí mo gbé e kọ́ sójú fèrèsé pálọ̀ Màámi títí dọjọ́ tí mo tún gbé téèpù lé e, kò sì tíì pé oṣù méjì o. Íǹṣì 48 ló wà nígbà tí mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀n ọ́n kí n tó já òwú ẹ̀, ó pé 48 géérégé, fèrèsé náà sì ń bèèrè 48, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kìíní ó ti di 55, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti ń sùn sórí ẹ̀yìn àga, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá sún wọnú débi pé oòrùn ń gba ibẹ̀ wọlé, torí fífẹ̀ ẹ̀ tó jẹ́ 48 náà ti sún kì, ó ti ku 43.

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí mo mọ̀ pé àwọn obìnrin tó ń hun nkan nílé pọ̀ lọ́dọ̀ wa, láti Ẹ̀gbẹ́ dé Ìsánlú dé Mopa títí wá dé ọ̀dọ̀ wa ní Kàbà níbí, ẹni bá sì ti fi oṣù mẹ́ta hun nkan rí á mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn nínú tí nkan ọ̀hún bá bàjẹ́ lójú ẹ̀.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ gbé ìyàwó, wọ́n sì ní àwọn àna ń bọ̀ wá kí wa lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Pálọ̀ Màámi dáa, àmọ́ kọ́tìnnì tó wà níbẹ̀ ti pẹ́, oòrùn ti jẹ ẹ́. Màámi ní òun máa ra òmíràn, mo ní rárá, ẹ jẹ́ n hun ún fún yín. Abẹ́rẹ́ méjì ni mo fi ń hun nkan láti kékeré, fìlà ọmọ ọwọ́, súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo ra bọ́ọ̀lù wúùlù 10, aláwọ̀ funfun, àádọ́ta gíráàmù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo mú abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 8, èyí tó jẹ́ mílímítà 4, mo hun ún rírọ̀ díẹ̀ kó lè fẹ́lẹ́ kí atẹ́gùn lè gbabẹ̀ kọjá. Oṣù kẹjọ ni mo bẹ̀rẹ̀, ìparí oṣù kọkànlá ni mo parí. Ó lẹ́wà. Mi ò ní parọ́, ọjọ́ tí mo gbé e kọ́ níbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, Màámi jókòó sí iwájú ẹ̀ wọn ò sọ nkan kan fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n kàn ń wò ó.

Ọjọ́ Kérésì ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi pé, ìwọ ọmọ yìí, kọ́tìnnì yìí mà ti ń wálẹ̀ o. Mo gbé téèpù sí i, 51. Mo rò pé bóyá mo ṣi téèpù mú nígbà àkọ́kọ́ ni. Ọyẹ́ wá dé, ẹ ṣá mọ eruku tó máa ń jáde lójú títì wa nígbà ọyẹ́, eruku pupa, tó bá bà lé nkan funfun kì í fi ibẹ̀ sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní a ní ká fọ̀ ọ́. Èmi ni mo fọ̀ ọ́, mo rọra fọ̀ ọ́, àmọ́ mi ò sí nílé nígbà tí wọ́n máa sá a, àbúrò mi bá fún un bí ẹni fún ṣòkòtò, ó gbé e kọ́ sórí wáyà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú gbogbo omi tó kù lára ẹ̀, orí ẹ̀ lókè, ìdí ẹ̀ ń kán tótó sílẹ̀. Mi ò bá a wí, torí bí gbogbo aṣọ ilé ṣe ń gbẹ nìyẹn, ta ló sọ fún un pé èyí yàtọ̀? Nígbà tó gbẹ tí a dá a padà sójú fèrèsé ló di 55 yẹn.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ìṣirò yìí sọ́kàn: íǹṣì 3 kí a tó fọ̀ ọ́, íǹṣì 4 lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́. Torí ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo fi hàn ló ní fífọ̀ ló bà á jẹ́. Fífọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ti ń lọ kó tó rí omi rárá.

Ẹni tó là mí lójú ni Màmá Àgbà, ìyá tó bí Màámi. Ọmọ Búnú ni wọ́n, agbègbè kan nítòsí wa ní Kàbà, àwọn náà hun aṣọ rí, lórí òfì àwọn obìnrin tí wọ́n máa ń gbé dúró mọ́ ògiri, wọ́n ní àwọn ṣì ń hun nígbà tí àwa ṣì wà lábẹ́ Kwara, kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991. Wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa ní oṣù kejì. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, "Òkun o, Màmá," wọ́n dáhùn, ojú wọn ti wà lára kọ́tìnnì. Wọ́n dìde, wọ́n fi ìka méjì mú etí ìsàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n gbé e sókè díẹ̀, wọ́n tún jù ú sílẹ̀, wọ́n sì bi mí.

"Ọmọ mi, níbo lo ti wọn èyí?"

"Orí bẹ́ẹ̀dì ni, Màmá."

"Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé ni?"

Mi ò rí èsì kankan fún wọn. Wọ́n ní kí n gbé àga, wọ́n fi ọwọ́ hàn mí lára aṣọ náà fúnra ẹ̀. Lókè, nítòsí ìrin, ojú híhun ẹ̀ ti gùn gbọọrọ, ó tín-ínrín, ó dà bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Nísàlẹ̀, ojú híhun ẹ̀ ṣì rí roboto bí mo ṣe hun ún lọ́jọ́ kìíní. Aṣọ kan náà, òwú kan náà, ọwọ́ kan náà. Wọ́n ní orí aṣọ ló ń ru gbogbo ìsàlẹ̀ ẹ̀, ìsàlẹ̀ ò ru nkan kan, nítorí náà òkè ló máa kọ́kọ́ fà. Mo fi téèpù wo ọ̀rọ̀ wọn, mo ka ojú 10 lókè, mo ka ojú 10 nísàlẹ̀, òótọ́ ni, ti òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá kan nínú mẹ́ta gùn ju ti ìsàlẹ̀ lọ.

Ìyẹn ló tún tú àṣírí fífẹ̀ tó sún kì. Aṣọ tí a fi abẹ́rẹ́ méjì hun, òwú kan ṣoṣo ló ń rìn kiri nínú ẹ̀, ó ń ṣe kókó-kókó tí kò so, tó o bá fa ojú kan kó gùn, inú ìbú ẹ̀ náà ló ti máa yá òwú tó fi gùn. Kò sí òwú tuntun tó wọlé, ó kàn ń kó ti ẹ̀gbẹ́ lọ sí gígùn ni. Aṣọ òfì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ torí òwú òòró dá dúró, ti ìbú dá dúró.

Ẹ̀ṣẹ̀ kìíní nìyẹn, híhun náà fúnra ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì, òwú ni. Ohun tí à ń pè ní wúùlù lọ́jà wa kì í ṣe irun àgùntàn, bébà tó wà lára bọ́ọ̀lù náà kọ ọ́ síbẹ̀, acrylic ni, ike ni, wọ́n kàn ṣe é kó rí bí irun ni. Tẹ́ ò bá rí bébà, ẹ gé òwú náà díẹ̀, ẹ fi píńsà mú un sẹ́nu iná ṣítóòfù: tó bá jẹ́ òwú tòótọ́, ìyẹn òwú orí igi, á jó bíi bébà, á rùn bíi bébà tó jó, eérú ẹ̀ á rọ̀, á fọ́nká tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, tó bá jẹ́ irun àgùntàn, òórùn irun tó jó lẹ máa gbọ́, tó bá jẹ́ ike yẹn, á yọ́, á kóra jọ di kókó dúdú kékeré tó le, ẹ má fọwọ́ kàn án o, ó máa ń lẹ̀ mọ́ àwọ̀. Tèmi di kókó dúdú. Irun àgùntàn máa ń fẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n bá fà á, ike yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ padà, ooru sì tún máa ń mú un rọ̀, bẹ́ẹ̀ ojú fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń wọ̀ tààrà ni mo gbé e kọ́ sí. Kò sóhun tó ṣe wúùlù yẹn lára fìlà àti súwẹ́tà, ibi tí mo gbé e kọ́ ni kò bá a mu.

Ẹ̀ṣẹ̀ kẹta kékeré ni, àmọ́ ó ń ya èèyàn lẹ́nu. Ìrin tí mo fi kọ́ kọ́tìnnì, ẹ̀gbẹ́ méjì nìkan ni wọ́n kàn án mọ́ ògiri. Mo na okùn kan láti ìkángun dé ìkángun, àárín ìrin náà ti tẹ̀ wálẹ̀ ní íǹṣì kan àbọ̀, ìyẹn ò sí nínú 7 tí mo kà yẹn rárá o, òun tún dá dúró ni. Káfíńtà àdúgbò wa wá, ó kan ìkọ́ kẹta sáàárín, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ó wá ku kí n tú u. Mi ò lè ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń rìn yí i ká. Màmá Àgbà ló pè mí jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí, wọ́n ní ṣé mo mọ bí àwọn ìyá wa ní Búnú ṣe rí òwú pupa fi hun aṣọ ipò? Aṣọ ipò ni aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn olóyè ńlá, tí eégún náà sì ń wọ̀. Wọ́n ní aṣọ pupa tó ti òkè òkun wá, bùláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù pàápàá, ni wọ́n máa ń rà, wọ́n á jókòó, wọ́n á tú u ní fọ́nrán-fọ́nrán, òwú tí wọ́n bá tú jáde ni wọ́n máa gbé sórí òfì. Aṣọ tó níyì jù lọ nílẹ̀ Búnú, inú aṣọ tí wọ́n tú ló ti jáde. Mo ti gbọ́ nípa aṣọ ipò tẹ́lẹ̀, àmọ́ mi ò gbọ́ apá títú yẹn rí. A jọ tú kọ́tìnnì náà lálẹ́ yẹn lábẹ́ iná tí a ń cháàjì, èmi ń fà, Màmá Àgbà ń ká a sára ẹ̀yìn àga. Òwú náà wú wúruwùru bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú dìdì ẹ̀, mo dè é níbi mẹ́rin, mo fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo so bàtà kan mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ títí tó fi gbẹ, ó sì nà. Òun ni mo fi hun ìbora àwọn àga pálọ̀ nígbà tó yá, níbi tí yóò ti máa sùn, tí kò ní máa rọ̀.

Ó wá kan kọ́tìnnì kejì. Mo pinnu pé kíróṣé ni mo máa fi ṣe é, ìyẹn híhun tí a fi píìnì ẹlẹ́nu ìkọ́ kan ṣoṣo ṣe, ọ̀nà olójú àwọ̀n, torí kíróṣé máa ń so ojú kọ̀ọ̀kan tán kó tó lọ sí òmíràn, kì í yá ara ẹ̀ ní òwú tó bẹ́ẹ̀. Òwú ẹ̀, òwú orí igi tòótọ́, èyí tó ń dán. Oríṣi méjì lẹ máa rí, èyí tí kò dán àti èyí tó ń dán, èyí tó ń dán ni wọ́n ti rẹ sínú kọ́sítíìkì, irú sódà kan náà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, òyìnbó ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan, John Mercer, ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yẹn ní 1850. Ó ń jẹ́ kí òwú náà le sí i, ìyẹn ni mo fẹ́. Píìnì mílímítà 2 ni mo lò.

Ọ̀nà olójú àwọ̀n ò le. Ẹsẹ̀ gígùn tó ń dúró láàárín ojú kan sí èkejì, òpó la ń pè é nílé wa, ìwé Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní treble, àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní double crochet, nkan kan náà ni, ẹ ṣọ́ra tẹ́ ẹ bá ń wo YouTube, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ ará ibo ló ń sọ̀rọ̀. Ojú tó ṣí: òpó kan, ṣéènì méjì, ìyẹn ojú kéékèèké tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n. Ojú tó dí: òpó mẹ́ta. Ó tán. Àwọn ojú tó dí ló máa ń ya àwòrán láàárín èyí tó ṣí. Mo gba ìwé alápótí-alápótí tí àwọn ọmọ kéékèèké fi ń kọ nọ́ńbà, mo ya èso kaṣú sí i, torí kaṣú ló yí ilé wa ká, èso ẹ̀ gba ojú 9 níbi tó ti fẹ̀ jù, kóró ẹ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ nísàlẹ̀ gba 4.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ṣe àpẹẹrẹ kékeré, ojú 20 ní ìbú, ìlà 20 ní gígùn. Lórí tábìlì, íǹṣì 8 sí 8 ni. Mo fọ̀ ọ́, mo tẹ́ ẹ gbẹ, mo fi píìnì aṣọ so odindi bọ́ọ̀lù òwú kan, 50 gíráàmù, mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀, mo gbé e kọ́ sójú fèrèsé yẹn gan-an fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí tí mo fi so nkan mọ́ ọn ni pé àpẹẹrẹ kékeré ò wúwo tó kọ́tìnnì odindi, tó bá ń rọ̀ lásán kò lè sọ òótọ́ fún mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, gígùn ẹ̀ di 8 àbọ̀, ìbú ẹ̀ di 7 àbọ̀. Àwọn méjì yẹn ni mo fi ṣírò, mi ò tún wo 8 mọ́. Tí ìlà 20 bá fún mi ní 8 àbọ̀, íǹṣì 48 á gba ìlà 113. Tí ojú 20 bá fún mi ní 7 àbọ̀, íǹṣì 12 á gba ojú 32.

Íǹṣì 12 torí pé Màmá Àgbà ní kí n má hun ún ní odindi, kí n ṣe é ní abala mẹ́rin kí n rán an pọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe aṣọ òfì, ẹni tó bá ti dé Ògìdì ní Ìjùmú, ìlú tí wọ́n ti bí Nike Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ àdìrẹ, tó sì ti wo aṣọ àwọn obìnrin ibẹ̀ dáadáa, á rí ojú ìránpọ̀ yẹn. Ojú ìránpọ̀ náà á tún máa di aṣọ náà mú bí ìgbànú. Nítorí náà abala kan: 32 lọ́nà 3 jẹ́ 96, mo fi 5 kún un, ṣéènì 101, òpó àkọ́kọ́ wọ ṣéènì kẹjọ tá a bá kà á láti ẹnu píìnì. Òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀ abala kọ̀ọ̀kan wá sísàlẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni, torí nígbà tó bá ku ìlà bíi mẹ́wàá, mo lè gbé abala náà kọ́ sójú fèrèsé, kó sun ibẹ̀ mọ́jú, kí n wọ̀n ọ́n níbi tó ń rọ̀ yẹn, kí n sì fi kún un tàbí kí n yọ kúrò nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, orí ẹ̀ tó ti wọ ìrin ni mi ò bá máa tú.

Ohun kan tún fẹ́ bà á jẹ́. Bọ́ọ̀lù 6 ni mo kọ́kọ́ rà, kò tó. Mo padà sọ́jà, mo ra 3 sí i, funfun náà ni, ọ̀dọ̀ ẹni kan náà. Alẹ́ ni mo máa ń hun, pẹ̀lú iná tí a ń cháàjì, mi ò rí nkan kan. Ọjọ́ Sátidé tí mo gbé e jáde sábẹ́ igi máńgòrò ni mo rí i pé ti tuntun pọ́n díẹ̀, bíi wàrà, ti àkọ́kọ́ funfun bíi ṣọ́ọ̀kì. Nọ́ńbà kékeré kan máa ń wà lára bébà bọ́ọ̀lù, òun ló ń sọ pé inú ìkòkò aró kan náà ni wọ́n ti jáde, mi ò wò ó. Mo ti fi òwú tuntun hun ìlà 9 nínú abala kẹta. Mo tú ìlà 9 náà, mo fi ìyókù ti àkọ́kọ́ parí abala kẹta títí tó fi tán, ó kù díẹ̀ kó tó, ìlà 6 péré ló ṣẹ́kù. Mo wá fi òwú tuntun ṣe ìlà 6 tó gbẹ̀yìn lára gbogbo abala, gbogbo ẹ̀ pátá, mo tú ti àwọn tó ti parí láti ìsàlẹ̀, mo sì fi òwú tuntun hun abala kẹrin odindi, òun ni mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí òjìji kọ́bọ́ọ̀dù máa ń bà lé. Tí mi ò bá sọ fún èèyàn, wọn kì í rí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni gbogbo ẹ̀ gbà. A fọ̀ ọ́ kí a tó gbé e kọ́, mo wé e sínú tówẹ́ẹ̀lì, mo tẹ̀ ẹ́, mi ò fún un, a tẹ́ ẹ sórí ẹní lábẹ́ igi, a fi píìnì aṣọ mú igun ẹ̀ títí tó fi gbẹ. Àbúrò mi ló tẹ́ ẹ fúnra ẹ̀, ó sì ń lé àwọn adìẹ. Ọjọ́ tí ó gun ìrin, 47 àbọ̀. Màámi ní kò kúkú tó, Màmá Àgbà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó ṣì ń bọ̀.

Àwọn àna wá ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Àjíǹde. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé nígbà yẹn, òjìji kaṣú náà wà nílẹ̀ pálọ̀, lórí tábìlì, lórí ìró ìyá ìyàwó. Ìyá náà ń fi ìka tọ ọ̀kan nínú ẹ̀ lórí itan wọn bí wọ́n ṣe ń bá Màámi sọ̀rọ̀, mi ò rò pé wọ́n mọ̀ pé àwọn ń ṣe é.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà mo tún gbé téèpù sí i. 48. Mo tún wọ̀n ọ́n ní oṣù tó tẹ̀lé e, 48 náà ni, fífẹ̀ ẹ̀ sì dúró. Fèrèsé kejì nínú pálọ̀ náà ló kù báyìí. Màámi ti ra òwú ẹ̀, bọ́ọ̀lù 9 lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dúró ti olùtajà wọ́n ka nọ́ńbà ara bébà ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó sanwó, àpẹẹrẹ kékeré sì ti ń rọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan nídìí ẹ̀, ọjọ́ kẹrin nìyí.